Igi Gúáfà Tó Wà Lẹ́yìn Màámi

Ohun tí mo bẹ̀rù jù lọ ní Houston kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe ìjì, kì í sì í ṣe ìbọn tí wọ́n ní àwọn ará ibẹ̀ ń kó kiri. Kí àgbàlagbà Yorùbá méjì wá kan ilẹ̀kùn mi láìkọ́kọ́ pè mí lórí fóònù, ohun tó ń já mi láyà nìyẹn. Ẹni tó bá gbé ibẹ̀ láyé ìgbà náà mọ ohun tí mò ń wí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Nígbà yẹn, kò sí ẹni tó máa ń fi fóònù túfọ̀ fún ọmọ tó wà lókè òkun. Wọ́n á ní, tó bá ṣubú ńkọ́, ta ló máa dì í mú? Àgbàlagbà tó bá wà nítòsí rẹ ni wọ́n á pè láti ilé. Òun náà á wá ẹnì kejì, wọ́n á wọ mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ rẹ. Wọ́n á béèrè iṣẹ́. Wọ́n á béèrè bóyá o ti jẹun. Wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúrà, tí àdúrà náà bá sì ti ń gùn jù, kí o yáa jókòó.

Ojú mi báyìí ni wọ́n ṣe wá bá Ṣàkírù, ọmọkùnrin kan tó ń gbé lókè apartment mi ní àdúgbò Gulfton. Mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ni mo rí bàbá méjì tí wọ́n wọ jalámíà, wọ́n rọra ń gun àtẹ̀gùn lọ, ọ̀kan gbé ọsàn dání. Ara mi bù máṣọ. Mo dúró sídìí mọ́tò mi, mò ń bẹ Ọlọ́run pé kí wọ́n kọjá ilẹ̀kùn mi. Wọ́n kọjá. Àní mo dúpẹ́! Kò pẹ́ tí mo gbọ́ igbe Ṣàkírù. Bàbá rẹ̀ ti kú, wọ́n ti sin ín, koríko ti hù lórí sàréè, òun sì wà níbí tó ń ra bàtà tó máa fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ti àwa Mùsùlùmí tún wá burú jù, nítorí a kì í gbé òkú pamọ́ de ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá kú láàárọ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ó ti wọlẹ̀. Bí mo bá tiẹ̀ ní ìyẹ́ apá, mi ò lè bá a.

Ojo ni mí, mo gbà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, ìdákẹ́jẹ́ ìlú yẹn gan-an ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ilé lọ súà, èèyàn ò sí lójú títì. Mọ́tò nìkan ló ń lọ tó ń bọ̀. Mo ní, ṣé ogun ló kó wọn ni? Oòrùn ń jó níta, inú ilé tutù bí ìgbà tí wọ́n bá ti èèyàn mọ́nú fìríìjì. Iṣẹ́ tí mo rí ni ti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mò ń fi ṣíbí bọ́ ìyá oníyàá, mò ń pa wọ́n lára dà lórí ibùsùn, mò ń pè wọ́n ní "Mama", wọ́n sì ń wò mí bí ẹni tó ń pe orúkọ tí kì í ṣe tiwọn. Ìyá tèmi wà n'Ìbàdàn, wọn ò rí mi kí n bu omi fún wọn.

Ohun tí mo gbé kúrò nílé tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ẹrù mi lọ ni kásẹ́ẹ̀tì fídíò kan. Ọjọ́ tí wọ́n ṣàdúrà ìrìn-àjò fún mi, Wàsíù àbúrò mi mú onífídíò wá. Nínú fídíò yẹn, Màámi jókòó sábẹ́ igi gúáfà tó wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n wọ léèsì àwọ̀ ewé. Eṣinṣin kan bà lé wọn léjìká ọ̀tún, wọ́n lé e. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á sìn ọ́ lọ, á sì sìn ọ́ bọ̀. Má jókòó pa síbẹ̀ o." Wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n fi etí gèlè bo ẹnu. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí ìwọ̀nba yẹn ni mo ṣe wé kásẹ́ẹ̀tì yẹn sínú aṣọ bí ẹyin.

Ẹ wá wò mí lọ́jọ́ tí mo fi bọnú ẹ̀rọ fídíò Amẹ́ríkà. Ìlà funfun, ìlà dúdú, ariwo bí òjò lórí páànù. Mo yọ ọ́, mo nù ún, mo tún fi í sí i. Ohun kan náà. Mo rò pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú ló ti bà á jẹ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n Múṣíní ló là mí lójú. Wọ́n ti wá kàwé sí Amẹ́ríkà tipẹ́, wọ́n wá di ẹnjiníà nílé iṣẹ́ ìfọpo kan ní Deer Park, àwọn àti ìyàwó wọn, Àǹtí Bísí tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, sì ń gbé Pearland nítòsí Houston. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. "Kò sóhun tó ṣe é," ni wọ́n wí. "Fídíò ilé àti ẹ̀rọ ibí ni ò gbọ́ èdè ara wọn. Gbé e wá." Wọ́n ní ẹ̀rọ kan tó gbọ́ méjèèjì. Wọ́n fi ṣe àdàkọ rẹ̀ fún mi, mo gbé e lọ sílé, mo sì rí ìyá mi.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò jáde lọ síbi iṣẹ́ láìkọ́kọ́ wò wọ́n. Mà á jẹ búrẹ́dì, mà á wo Màámi, wọ́n á lé eṣinṣin, wọ́n á ṣàdúrà, wọ́n á fi gèlè bo ẹnu, mà á mú kọ́kọ́rọ́ mi. Bí mo bá kánjú jáde tí mi ò wò wọ́n, ọkàn mi ò ní balẹ̀ títí mà á fi padà.

Èmi nìkan kọ́ ni wèrè fídíò. Lọ́jọ́ Sunday, tí a bá ti parí àsàlátù, ilé Ẹ̀gbọ́n Múṣíní ni gbogbo wa ń ya lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí láti ilé á mú un dání, gbogbo wa á jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, a ó máa jẹ ìrẹsì, a ó máa wò ó. Kásẹ́ẹ̀tì kún pẹpẹ wọn dé òkè. Ìsọmọlórúkọ, ìsìnkú, ìṣílé. Mo ti sunkún níbi òkú bàbá tí mi ò rí rí láyé mi. Mo mọ ewúrẹ́ ilé àwọn Ṣàkírù lójú. Bí èèyàn kan bá yọ nínú fídíò ẹlòmíràn, a ó ní, "Háà, àǹtí yẹn ti sanra o!" bí ẹni pé àná la rí i. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fúnra mi wa mọ́tò gba orí freeway, títì márosẹ̀ wọn, dé Pearland, tí tírélà ń ré mi kọjá lọ́tùn-ún lósì, mo ń kígbe "Allahu Akbar" nínú mọ́tò títí mo fi dé. Àǹtí Bísí pàtẹ́wọ́ fún mi lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ yẹn, mo rò pé mo ti di ara ìlú.

Ẹ̀rù tún wá gba ibòmíràn wọlé.

Kò sí fóònù nílé wa. Ilé Alhaji tó múlé tì wá la máa ń pè, wọn á ké sí Wàsíù, Wàsíù á mú Màámi wá. Nígbà kan, Wàsíù ní, "Àǹtí mi, a ti gé igi gúáfà yẹn o. Mo ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀." Ó dùn mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní mo ṣì ní i nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ó tún sọ fún mi pé ìyàwó òun lóyún. Mo yọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Màámi ò wá sídìí fóònù mọ́. Mo pè, wọ́n lọ sí Ìjẹ̀bú. Mo tún pè, wọ́n ń kírun. Mo tún pè, wọ́n sùn. "Sùn kẹ̀? Ọ̀sán gangan?" Wàsíù ní ó rẹ̀ wọ́n ni. Inú fu mí, ẹ̀dọ̀ fu mí. Mo dé ibi iṣẹ́, mo bọ́ ìyá arúgbó kan títí mo fi da ọbẹ̀ sí i láyà. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn apartment mi, mà á rọra yọ́ lọ síbẹ̀. Mà á yọjú lójú ihò ilẹ̀kùn, mà á rí i pé ẹni tó ń pín ìwé ìpolówó ni.

Nígbà tí ìyàwó Wàsíù bí ọmọbìnrin, mo ní, "Ya fídíò ìsọmọlórúkọ ránṣẹ́ sí mi. Kí n rí Màámi níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?" Ó dákẹ́. Ó ní, "Ẹ óò rí wọn, Àǹtí mi." Ìdákẹ́ yẹn ni mò ń gbọ́ létí kiri.

Kásẹ́ẹ̀tì dé nípasẹ̀ ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ilé. Lọ́jọ́ Sunday yẹn, mo mú un lọ sí Pearland. Ilé kún. Ẹ̀gbọ́n Múṣíní fi í sí ẹ̀rọ. Alfa ń ṣe wàásù. Wàsíù dé fìlà, ó ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ògiri ṣọ́ọ̀bù tuntun, búlọ́ọ̀kù lásán, wọn ò tíì rẹ́ ẹ. Wọ́n gbé ọmọ jáde. Ìyá ìyàwó ló gbé e.

"Màámi dà?" mo béèrè. "Kí ló dé tó jẹ́ ìyá ìyàwó ló gbé ọmọ jáde, tí ìyá baba ọmọ wà nílé?"

"Ṣe sùúrù," ni obìnrin tó jókòó tì mí wí. "Wọ́n ń bọ̀."

Ìgbà náà ni Màámi yọ. Wọ́n jókòó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, léèsì àwọ̀ ewé wọn ń dán. Orin ni onífídíò gbé lé ibẹ̀, a ò gbọ́ ohùn wọn. Gbogbo pálọ̀ hó yèè. "Ìyá ẹ ò mà darúgbó rárá!" Èmi náà bú sẹ́kún ayọ̀. Mo ní, "Alhamdulillahi, wọ́n wà, wọ́n wà!"

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Màámi gbọ́wọ́ sókè, wọ́n lé eṣinṣin kan léjìká ọ̀tún. Ẹkún dá lẹ́nu mi. Mo ní nínú ara mi, wọ́n máa fi gèlè bo ẹnu báyìí. Wọ́n fi gèlè bo ẹnu. Mo gbójú sókè orí wọn, ewé gúáfà ń mì.

Igi tí wọ́n ti gé. Ibi tí ògiri Wàsíù wà ní ìṣẹ́jú tó kọjá.

"Ẹ dá a padà sẹ́yìn," mo wí. Kò sẹ́ni tó dá a padà. Ẹ̀gbọ́n Múṣíní ló mú rìmóòtù lọ́wọ́, wọn ò sì wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. Èmi ni wọ́n ń wò.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé Màámi ti kú?"

Wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní, "Wọn ò kú."

"Ẹ búra."

"Wallahi, wọn ò kú. Rọpárọsẹ̀ ló mú wọn. Ó mú apá òsì, ó mú ẹnu. Wàsíù pè mí. Màmá yín fúnra wọn ló ní ká má sọ fún ẹ. Wọ́n ní tó o bá gbọ́, wàá sá wálé, pépà rẹ ò sì tíì jáde. Tó o bá jáde ní Amẹ́ríkà báyìí, o mọ̀ pé wọn ò ní jẹ́ kó o wọlé mọ́."

Ẹ má bínú, mi ò gbà wọ́n gbọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Lónìí, wọ́n á ní ara wọn ò yá. Lọ́la, wọ́n á ní àìsàn náà ti le díẹ̀. Lọ́túnla, wọ́n á ní kí o ṣe ọkàn akin. Mo wo inú pálọ̀, mo rí àwọn àgbàlagbà tó pé jọ, mo rí Àǹtí Bísí tó ti súnmọ́ mi láti dì mí mú. Mo ní, áà, ọjọ́ tèmi ló dé yìí. Wọn ò tiẹ̀ wá kan ilẹ̀kùn mi, èmi ni mo fẹsẹ̀ ara mi wá.

"Ẹ fún mi ní fóònù."

Mo pe ilé Alhaji. Wọ́n ké sí Wàsíù. Mo ní, "Gbé Màámi wá síbi fóònù yìí."

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, wọn ò lè rìn."

"Pọ̀n wọ́n. Àwọn náà ti pọ̀n ẹ́ rí."

Ó ní kí a pè padà tó bá ṣe díẹ̀. Kí ni wọ́n ń pè ní díẹ̀? Mo jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì. Ìrẹsì tutù nínú àwo. Àwọn obìnrin àsàlátù jókòó yí mi ká, wọ́n ń ṣe làìlàà lábẹ́ ẹnu, mo sì fẹ́ kí wọ́n dákẹ́, nítorí ó dà bíi ti ilé òkú létí mi. Nígbà tí mo tún pè, Wàsíù ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, "Wọ́n ti dé o."

Ohùn tó dáhùn kì í ṣe ohùn Màámi. Ó wúwo, ó falẹ̀, ó ń ṣe bí ẹni tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe oríkì mi, ó dé àárín, kò lè parí rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ta ni ò mọ oríkì mi nílé wa? Wọ́n ti lọ gbé ìyá arúgbó kan wá kó wá tàn mí. Mo figbe ta. Mo sunkún débi pé Ṣàkírù ní láti gba fóònù mú lọ́wọ́ mi kó má jábọ́.

Ohùn yẹn tún sọ̀rọ̀. "Ta... ta ló ní kí o... máa ké... nílé onílé?" Ó wá pòṣé.

Òṣé yẹn ò dún dáadáa, atẹ́gùn ló pọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ìyá mìíràn láyé tí rọpárọsẹ̀ á mú, tí wọ́n á pọ̀n dé ilé onílé, tó sì jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ tó wà ní Amẹ́ríkà ló máa kọ́kọ́ bá wí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo pálọ̀ tó ń gbọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

"Màámi, kí ló dé tí ẹ fi ti àtijọ́ hàn mí?"

Ó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn tó jáde. Wọ́n ní, "Ẹnu mi yí. Mo mọ̀ pé... o máa ń wò mí... láràárọ̀. Mi ò fẹ́ kí o máa wo... ẹnu yìí... lọ síbi iṣẹ́."

"Ẹnu yẹn ni mo fẹ́ rí. Èyí tí ẹ fi hàn mí yìí ló pa yín lójú mi lónìí."

Mo ń gbọ́ èémí wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Mo gbọ́."

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, mi ò lè wo kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ mi mọ́. Mà á mú un, mà á tún gbé e sílẹ̀. Mo ti rò pé mo ní ilé nínú apartment mi, pé mo lè tan án, mo lè pa á, kó sì wà bí mo ṣe fi í sílẹ̀. Irọ́ ni. Ilé ò dúró dè mí. Wọ́n ti gé igi, wọ́n ti mọ ògiri, ọmọ tí mi ò mọ̀ ti ń jẹ́ orúkọ. Inú kásẹ́ẹ̀tì mi nìkan ni ohunkóhun ò ti yí padà. Ìyẹn gan-an ló wá ń bà mí lẹ́rù, nítorí kásẹ́ẹ̀tì ò mọ ìgbà tí èèyàn kú. Á ṣì máa rẹ́rìn-ín sí ọ. Mo gbàdúrà pé kí pépà mi jáde, kí n lè lọ fi ṣíbí bọ́ ìyá tèmi.

Àárọ̀ Saturday kan, mo ń fọ àwo, mo gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ọ̀nà. Mo yọjú lójú ihò ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n Múṣíní ni. Àǹtí Bísí wà lẹ́yìn wọn. Àgbàlagbà méjì, wọn ò pè mí ṣáájú.

Mo jókòó sílẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. "Mi ò ṣí!" mo kígbe. "Ẹ máa lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ, mi ò ṣílẹ̀kùn fún yín!"

"Fídíò ni!" Ohùn Àǹtí Bísí ló gba gbogbo àtẹ̀gùn kan. "Fídíò ni o! Ìyá ẹ wà láyé! Fídíò ni wọ́n fi ránṣẹ́!" Wọ́n kọjú sí ọkọ wọn. "Ṣé ẹ rí i? Mo ní kẹ́ ẹ pè é, ẹ ní rárá, ẹ fẹ́ kó yà á lẹ́nu. Ẹ fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ!"

Àwọn aládùúgbò tó ń sọ èdè Sípáníìṣì ti ṣílẹ̀kùn, wọ́n ń wò wá. Ẹ̀gbọ́n Múṣíní gbé kásẹ́ẹ̀tì sókè sójú ihò ilẹ̀kùn kí n lè rí i. Wọ́n ní, "Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Mo ti ṣe àdàkọ rẹ̀. Mi ò lè dúró di Sunday."

Mo ṣílẹ̀kùn, a fi í sínú ẹ̀rọ. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bojú, mò ń yọjú láàárín ìka. Màámi jókòó sórí àga, aṣọ ilé ni wọ́n wọ̀. Ẹnu wọn yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọwọ́ òsì wọn wà lórí itan wọn bí ẹrù ẹlòmíràn tí wọ́n ń bá a ṣọ́. Ọmọ Wàsíù wà lápá ọ̀tún wọn, ó ń jẹ ìka. Wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n pe oríkì rẹ̀, "Àṣà... Àṣàkẹ́." Wọ́n ní ká dúró, kò tíì dáa tó. Wọ́n tún sọ ọ́, ó pé, "Àṣàkẹ́." Wọ́n wá gbójú sókè.

"Ṣé o rí mi?"

"Mo rí yín, Màámi," mo dá tẹlifíṣọ̀n lóhùn. Àǹtí Bísí ti ń sunkún. Mo mú ọwọ́ kúrò lójú, mo súnmọ́ ọn, mo wo ẹ̀yìn wọn dáadáa. Búlọ́ọ̀kù ṣọ́ọ̀bù Wàsíù ni, wọn ò tíì rẹ́ ẹ. Kò sí igi gúáfà níbẹ̀.